Inú Rírun Nínú Ilé Opó

Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, mo ti lò ju oṣù kan lọ nínú yàrá opó. Ilé ìyá ọkọ mi ní àdúgbò Nyohini ni mo ti ń ṣe é, bí ẹ̀sìn wa ti wí: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, láìjáde lásán, láìfi lọ́fínńdà sára, láìwọ aṣọ tó ń dán. Mi ò bá ìyẹn jà. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo sì fẹ́ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ dáadáa. Èyí tí mo bá jà ni èyí tí ìyá ọkọ mi fi lé e lórí. Wọ́n ní bí opó bá fẹsẹ̀ kan ìta ilé pẹ́nrẹ́n, gbogbo ọjọ́ tó ti kà ti dòfo, àfi kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ìyá tiwọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ìyá tiwọn náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó béèrè wò rí.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá náà, ògiri aládùúgbò ló sì dojú kọ. Mò ń gbọ́ ariwo alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójú títì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò rí ọ̀kan. Ooru inú ibẹ̀ tó láti se ẹyin jinná.

Ìdodo ni ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀, bíi ti ẹni tó jẹ ohun tí kò bá a lára mu. Kókò, ògì ọkà jéró, àti kose, àkàrà ìlú wa, ni mo fi ṣínu láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ni mo sì kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé oúnjẹ wọlé fún mi, ní ọgbẹ́ inú ni, nítorí mi ò jẹun gidi mọ́ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyá mi, tí mo fi fóònù pè nílé wa ní Gumani, ní ìrònú ni. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè jàre, nítorí inú tó ń run kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló sọ tiwọn láìfọwọ́ kàn mí.

Màmá, ìyá ọkọ mi, nìkan ni kò tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n wojú mi títí.

"Ìyàwó, ṣé o ti rí nǹkan oṣù rẹ?"

"Rárá, Màmá. Kò tíì dé."

"Alhamdulillahi," wọ́n ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé obìnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí kò jẹun, tí kò sùn, oṣù rẹ̀ lè má dé lásìkò. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbọ́? Ọkọ mi nìkan lọ́kùnrin tí wọ́n bí, a kò sì tíì bímọ kí ó tó lọ. Láti ìgbà yẹn, mi ò kàn jẹ́ opó mọ́, mo di àpótí tí wọ́n kó ẹrù iyebíye sí, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì lẹ́ẹ̀kan sì di èyí tí wọ́n ń tì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrora náà kò dúró sójú kan. Ó kúrò ní ìdodo, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ó tẹ̀dó síbẹ̀. Mo bì, ara mi gbóná, mo ń ká kò lọ sí ilé ìwẹ̀ bí arúgbó. Àbúrò ọkọ mi po ata àti atalẹ̀ sínú bẹ̀ǹtúwà, rọ́bà tí a fi ń fa oògùn sí ìdí, ó ní kí n dojú bolẹ̀. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"O fẹ́ pa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ? Bí oyún ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyí. Ìyàwó, ní hàkúrí."

Hàkúrí. Gbogbo ayé ló ń bẹ̀ mí kí n ní sùúrù, kò sì sẹ́ni tó bẹ inú mi. Mo tún pe ìyá mi, mo ní kí wọ́n wá gbé mi.

"Mo bẹ̀ ọ́, fara dà á," ìyá mi ní. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ mi ò lè ṣe opó."

Mo pa fóònù, mo sunkún. Ìbínú tí mo ní sí ìyá mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi tẹ́lẹ̀. Ó wá yé mi pé mo lè kú sínú yàrá yìí, kí gbogbo wọn sì máa yìn mí pé mi ò jáde.

Lọ́jọ́ kejì, bí Màmá ti ń ka tẹ̀súbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo pe àlùfáà mọ́ṣáláṣí wa. Opó kì í ṣàdédé pe ọkùnrin lórí fóònù. Mo pè é, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí Màmá lè gbọ́. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì sọ bí inú ṣe ń run mí.

"Àlùfáà, ṣé mo lè lọ asíbítì, kí dókítà wò mí?"

"Ṣé Ìyá wà níbẹ̀?" ó béèrè.

"Mo wà ńbí," Màmá dáhùn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ láàárín ọjà.

"Ìyá, ta ló ní opó ò gbọdọ̀ lọ asíbítì?"

"Bí a ṣe bá a nìyẹn, Malam. Tákàbà ni, opó ló ń ṣe. Tó bá jáde, ó di kó tún un bẹ̀rẹ̀."

"Haba, Ìyá. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Aláìsàn ni. Ẹ gbé e lọ, kó padà wá máa ka ọjọ́ rẹ̀ lọ."

"Oyún ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ oyún, ẹ tètè lọ ni."

Màmá fúnra wọn ló fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé mi lọ. Gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ náà fi hàn mí. Ní asíbítì, dókítà tẹ apá ọ̀tún ikùn mi, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ìgbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀ gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi. Lẹ́yìn náà ni dókítà bá Màmá sọ Haúsá. Ó ní ìfun kékeré kan tó so mọ́ ìfun ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní apẹ́ńdíìsì, ti wú, ó sì fẹ́ bẹ́; àwọn ní láti là mí lọ́jọ́ náà. Ó béèrè bóyá a ti lo oògùn ìgbẹ́ tàbí bẹ̀ǹtúwà. Màmá ní rárá. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìyẹn ìbá ti mú kó bẹ́.

Ó ní inú rírun àjẹjù tàbí ti afẹ́fẹ́ a máa lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń le sí i, tó ṣí lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tó kó ibà àti èébì dání, tí kò jẹ́ kí èèyàn lè nàró, a kì í jókòó tì í nílé. Ó ní obìnrin tí oṣù rẹ̀ kò dé, tí inú sì ń run, òun gan-an ló yẹ kó yára jù, torí oyún lè fìdí sí ibi tí kò yẹ, kó sì gbẹ̀mí rẹ̀.

"Tiwa yìí ńkọ́?" Màmá béèrè. "Oyún náà?"

"Ìyá, kò sí oyún."

"Ẹ tún un wò."

"A ti wò ó dáadáa. Kò sí."

Màmá dìde. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní kí n pe ìyá mi kó wá dúró tì mí, àti pé bí wọ́n bá ti dá mi sílẹ̀, kí n lọ parí opó mi ní Gumani. Ìta tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n fún mi yẹn, ó sì dùn mí ju inú rírun lọ.

"Màmá," mo ní, "èmi náà fẹ́ kó jẹ́ oyún."

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà fún ara mi. Màmá dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fa ìbòrí bojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omi lójú wọn nìyẹn.