Sàréè Igi Àgbálùmọ̀ ní Olówógbowó

Igi àgbálùmọ̀ wa kò tíì ga dé orúnkún tí àwọn èèyàn ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó forí jì í, kó sì fi àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, ló gbìn ín sí agbo ilé wa ní Olówógbowó nígbà òjò ọdún tó kọjá. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo àgbàlá wa, àfi ilẹ̀ péńpé kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí igi àgbálùmọ̀ ìyá Àlàájà wà kí ìjì tó wó o. Ọmọ kan ṣoṣo tó hù lábẹ́ igi yẹn ni Àlàájà tọ́jú sínú ike, tí wọ́n sì gbìn padà síbẹ̀.

"Eléyìí nìkan ló kù," ni wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá wọlé. "Bó bá kú, ó parí nìyẹn."

Ẹni tó fẹ́ kó parí ni ewúrẹ́ ìyá aláṣọ tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Ó ti bu orí igi náà jẹ lẹ́ẹ̀kan. Àlàájà fi ẹ̀gún yí i ká, ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gún. Wọ́n fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó, ewúrẹ́ jẹ àwọ̀n. Ni wọ́n bá pe bíríkìlà pé kó fi búlọ́ọ̀kù sọgbà fún un, àwọn fúnra wọn sì lọ kí ọmọ tuntun ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní àwọn ilé àtijọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó, inú àgbàlá ni wọ́n ń sin àwọn baba sí, sàréè mímọ sì ni iṣẹ́ tí bíríkìlà yìí ń ṣe jù. Ó mọ ọgbà náà gùn tó èèyàn tó dùbúlẹ̀, ó rẹ́ ẹ dán, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ibi orí ni igi ti yọjú. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ìwọ̀n tó mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Àwọn tí mo ń mọ ọ́n fún kì í ṣàròyé."

Lẹ́yìn náà ni alálùbọ́sà kan láti Èbúté Èrò wá wo Àlàájà, oníbàárà rẹ̀ àtayébáyé. Ó rí ohun funfun yẹn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó bú sẹ́kún. Àwọn tó ń kọjá dúró ṣe àmín. Ẹnìkan ra búrẹ́dì sàárà. Wọ́n ṣì wà lórí ẹní nígbà tí Àlàájà wọlé pẹ̀lú báàgì wọn.

"Ta ló kú?"

Alálùbọ́sà wò wọ́n tòkè tilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ẹ má bínú, Àlàájà. A ò rí yín kí ẹ wá ra àlùbọ́sà mọ́ ni."

"Ṣé ẹni tí kò bá ti ra àlùbọ́sà, ó kú nìyẹn?" Wọ́n jókòó. "Ó dáa. Búrẹ́dì mi dà?"

Àmọ́ ìyá aláṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn oníbàárà òun ti ń yà sódìkejì ọ̀nà.

"Àlàájà, ta ló fẹ́ ra léèsì ìgbéyàwó lẹ́nu sàréè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wó o!"

"Kí n wó o kí ewúrẹ́ ẹ lè ráyè jẹun? Lọ so ó mọ́lẹ̀!"

"Ewúrẹ́ mi kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n o!"

"Igi tèmi náà kì í ṣe òkú!"

Ọ̀rọ̀ náà di ọ̀dọ̀ olórí ẹbí wa. Bàbá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, wọ́n wá wo ọgbà náà fúnra wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ bọ́ fìlà kí wọ́n tó rántí pé igi ni.

Wọ́n ní a kò níí wó o. Lọ́jọ́ Sátidé, bíríkìlà yóò gé apá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kó lè ku ọgbà kékeré onígun mẹ́rin tó yí igi ká, yóò sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ìyókù. Ní ti ewúrẹ́, Bàbá ní orí okùn ni yóò wà, títí igi náà yóò fi ga kọjá ibi tí ẹnu rẹ̀ lè dé bó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró.