Oríkì lórí tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ mi ní ìyá mi ń bá òun jà. Oríkì rẹ̀ sì ni wọ́n ń kì!

Mo kó gbogbo fídíò ilé wa sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ó ń gba Wi-Fi gbé wọn wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Lónìí, mo ṣí èyí tí Màmá ṣe fún un ní Ìlọrin kí wọ́n tó kú. Wọ́n tẹjú mọ́ fóònù, omi ń bọ́ lójú wọn:

"Àdùkẹ́! Àdùkẹ́ mi! Òkín ilé wa!"

Ọmọ ọdún méje sá sẹ́yìn mi.

"Baba, me ya sa Kaka take yi min faɗa?"

Ó ní kí ló dé tí ìyá àgbà ń bá òun wí.

Bosso níbí la bí i sí, Hausa ló gbọ́. Màmá wí títí: "Bá ọmọ yìí sọ Yorùbá o." Èmi á ní, "Màmá, ó ń bọ̀ wá gbọ́ ọ."

Láti ọ̀sán ni mo ti ń tẹ Hausa sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá tó bí mi, kí ọmọ tí mo bí lè rí i kà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni mi ò tíì rí ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa dénú, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe Àdùkẹ́?