Àwọn Ẹyẹ Pupa Inú Òrùlé Ìyá Mi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn ilé mi n'Íbàdàn, tí mo dojú kọ ìlú wa, Ìjàrà-Ìsin, pẹ̀lú ìbínú. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ló pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ wó ilé ìdáná ìyá mi, kí n wá kó ìkòkò àti ọlọ rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí ìyá mi ti kú. Mo pinnu pé kò sẹ́ni tí yóò wó o.

Ọkọ̀ wa gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Nígbà tí a dé Gánmọ, níbi tí àwọn òpó iná ńláńlá wà, èdè Ìgbómìnà ti gba ẹnu àwọn èrò. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń sọ ọ́. Awakọ̀ wò mí nínú dígí.

"Àlájà, ṣé ẹ̀ ń relé lọ ṣe nǹkan ayọ̀ ni?"

"Ìjà ni mo ń lọ jà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹun ná. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn jà dáadáa."

Mo jẹ iyán l'Ómù-Àrán, iyán tí wọ́n fi odó gún, kì í ṣe ìyẹ̀fun tí à ń rò lórí iná n'Íbàdàn. Lẹ́yìn náà ni mo gun ọ̀kadà. Eruku pupa ti bo híjáàbù mi kí n tó délé. Bàbá Kékeré ti oko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, mo wá fi ìjà náà di àárọ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé. Bàbá Kékeré lóṣòó síwájú ilé ìdáná, ó ń fọ́n ọkà bàbà sílẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra jẹ, yóò kárí."

Àwọn ẹyẹ kéékèèké náà bá sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti rí wọn! Akọ pupa láti orí dé àyà, àgógó rẹ̀ náà pupa. Abo rẹ̀ dà bí àwọ̀ ilẹ̀, àfi pupa díẹ̀ níwájú ojú àti àmì funfun wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà. Wọn kì í rìn bí àdàbà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń fò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í pariwo bí ẹ̀ga Ìbàdàn. Èso koríko ni oúnjẹ wọn, àti ọkà tó bá jábọ́ lára ọlọ, wọ́n sì máa ń ṣa ikán jẹ nígbà òjò. Ìyá mi a máa lọ ọkà, wọn a máa jẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àlejò mi" ló ń pè wọ́n. Bí a bá sáré dé, ìyá mi a máa bá wa wí pé, "Ẹ má lé àlejò mi o!"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Ọjọ́ tí a gbé ìyá rẹ lọ sọ́sibítù, ó ní kí n má jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Kò padà wálé mọ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Wá wo ibí, Sídì."

Ó fi ògiri hàn mí. Ó ti là láti òkè délẹ̀.

"Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ kéékèèké ti ń ṣeré. Tó bá wó lù wọ́n ńkọ́?"

Ó tún nawọ́ sí òrùlé koríko náà. Ìtẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀. A ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ ẹyẹ.

"Mo ti ní kí àwọn bíríkìlà dúró. Ó di ìgbà tí àwọn wọ̀nyí bá fò."

Gbogbo ọ̀nà ni mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo pàdánù ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ wó o. Mo gbà."

Ìkòkò kan ṣoṣo ni mo gbé padà s'Íbàdàn. Kò pẹ́ tí Bàbá Kékeré pè mí pé àwọn ọmọ ẹyẹ ti fò, ilé ìdáná sì ti wó, ṣùgbọ́n ìyá wọn ti ń kó koríko lọ sórí igi gúáfà. Mo bi í pé ta ni yóò máa fún wọn lọ́kà nígbà tí kò sí ilé ìdáná mọ́.

"Àlejò ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n," ó ní. "Ta lo tún rò pé yóò fún wọn?"