Abọ́ Pupa tí A Kọ̀ Láti Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba títì márosẹ̀ Lekki kọjá lónìí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ̀ ẹ́ lójú. Katakata ń ké láti òwúrọ̀, eruku bo gbogbo wa, ilé tuntun sì ń hù bí olú. Gbogbo ẹni tó ń kó wọlé ló ń ra abọ́ àti ife. Nígbà yẹn, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ rọ́bà, ní àdúgbò kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Addo.

Rọ́bà tuntun tó mọ́ la fi ń ṣe abọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Bí ọjà ṣe wá ń yá, máníjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í ra àlòkù kẹ́ẹ̀gì. Kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì òróró nìkan o. Ti oògùn apakòkòrò wà níbẹ̀, ti ásíìdì wà níbẹ̀, àwòrán agbárí òkú ṣì wà lára àwọn kan. Wọ́n á fi omi ṣàn wọ́n gààràgà, wọ́n á lọ̀ wọ́n, wọ́n á yọ́ wọn, wọ́n á wá da aró pupa sí i kí ojú má baà rí ìdọ̀tí inú rẹ̀. Abọ́ tó bá jáde á máa dán. Ìyá ọlọ́mọ á rà á, á bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀ fún ọmọ.

Àǹtí Síkírá ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Òun ló ń darí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ abọ́. Ilé Jakande ní Ilasan ló ń gbé, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ láìpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Akọ̀wé, mo bu ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ-ọmọ mi sínú abọ́ wa. Mo ní kí n tọ́ ọ wò ná. Òórùn kẹ́ẹ̀gì yẹn gan-an ni mo gbọ́. Ọwọ́ mi yìí ló tẹ abọ́ náà!"

A jọ lọ bá máníjà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí ò yẹ fún abọ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣe garawa fún àwọn tó ń po kọnkéré."

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Iná ti pa májèlé tó wà nínú rẹ̀. Abọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe, mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́."

A gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. Àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ní abọ́ kì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n darí wa sí àwọn tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́. Àwọn yẹn béèrè bóyá ẹ̀rọ ti gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A ní rárá. Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ṣé oúnjẹ máa ń fò láti inú ìkòkò wọ ẹnu ni? Ìjọba tó mọ bí a ṣe ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta abọ́ kò mọ ẹni tó yẹ kó yẹ abọ́ wò.

Nígbà tí a pe ìpàdé, ọ̀kan nínú wa dìde. "Mo lọ́mọ níléèwé. Ẹni tí kò bá fẹ́ abọ́, kó má rà á."

Àǹtí Síkírá dá a lóhùn. "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn. Àwa kò tiẹ̀ dákẹ́ lásán, àwa là ń bá wọn wá kòkòrò náà."

Bí a ṣe da iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. A kó abọ́ pupa lọ sí etí títì márosẹ̀, a tò wọ́n sílẹ̀, a gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọkọ̀ ń dúró, àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ wá wò. Kò pẹ́ tí máníjà fi dé pẹ̀lú ọlọ́pàá.

Àǹtí Síkírá ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá láti ilé. Ó bù ú sínú abọ́ kan, ó nà án sí i. "Ọ̀gá, ẹ gbà, ẹ mu."

A rò pé yóò kọ̀ ọ́. Kò kọ̀ ọ́. Ó gbà á, ó fẹ́ ẹ, ó mu ún tán, ó sì nu ẹnu. "Ṣé mo ti kú?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ojú àwọn èèyàn wa ti ń sá fún tèmi, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ nílẹ̀.

Àǹtí Síkírá kò mira. Ó to abọ́ mélòó kan léra, ó gbé wọn fún un. "A dúpẹ́, Ọ̀gá. Ẹ wá kó ìwọ̀nyí lọ sílé. Inú wọn ni kí ìyàwó yín ti máa fún ọmọ yín lóúnjẹ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ọmọ náà á fi dàgbà. Ṣé ẹ gbà?"

Ọkùnrin náà wo abọ́, ó wo èrò. Kò nawọ́. Ọlọ́pàá tó dúró tì í ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dá wọn lóhùn o." Ó kẹ́yìn sí wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìròyìn náà dé ọjà Ajah kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó ń ta abọ́ ní àwọn ò fẹ́ pupa mọ́. Ọjà tó kú yìí ló mú máníjà wá sí ìpàdé, kì í ṣe òfin. Ó gbà pé garawa kọnkéré nìkan ni wọ́n á máa fi kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn ṣe. A padà sẹ́nu iṣẹ́, a ń jó.

Ijó náà kò pẹ́. Wọ́n lé Àǹtí Síkírá, wọ́n lé èmi náà, wọ́n ní a ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wa tó wá ya fọ́tò pẹ̀lú wa létí títì kò gbé ìpè wa mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti kó ẹ̀rọ lọ sí apá Ibeju-Lekki, pẹ̀lú orúkọ mìíràn lára géètì. Ohun tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀, mi ò mọ̀. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ kò lọ wò.

Ẹ má bi mí bóyá a ṣẹ́gun. Abọ́ kan dópin lọ́jà kan, ó sì tó kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ṣì jẹ wá ní òfin tó léyín, àti ẹni tí yóò wọ ilé-iṣẹ́ láìránṣẹ́ síwájú, tí yóò béèrè ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ. Kí ẹni yẹn tó dé, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ ni olùṣọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ohun tí ẹ ò lè fi bọ́ ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lọ pe ìpàdé.