Iná Ẹ̀yìn Lápá Òsì

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1994, ní aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, bàbá mi fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́ níwájú ilé wa ní Ìlíṣàn.

Wọ́n ní, "Ìwọ tó kàwé, bá mi wo tírafíkétọ̀ yẹn, iná tí à ń tàn bí a bá fẹ́ yà. Bí kò bá sí ohun tó ṣe é, n kò ní wa ọkọ̀ mọ́."

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, n kò sì sí níbẹ̀. Ohun tí bàbá àti ìyá mi fẹnu kò lé lórí ni pé bàbá mi fẹ́ yà sápá òsì láti ojú títì wọ àdúgbò wa, ọkọ̀ akẹ́rù kan láti ẹ̀yìn sì ń sáré bọ̀ láti kọjá lápá òsì kan náà. Díẹ̀ ló kù kó kọlù wọ́n. Awakọ̀ akẹ́rù náà pariwo pé bàbá mi ò tan iná. Bàbá mi ní àwọn tan án. Ìyá mi, tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní òun ò gbọ́ "ta, ta, ta" tí iná náà máa ń dún. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi máa ń dúró lójú fèrèsé wò wọ́n títí ọ̀kadà á fi lọ.

Mo jáde yunifásítì lọ́dún náà, ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo kọ́, mo sì ń retí ìwé agùnbánirọ̀. Mo lọ pe rẹ́wáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tó wà létí títì. Ó tan iná ọ̀tún, ó ń ṣẹ́jú dáadáa. Ó tan ti òsì: iná iwájú tàn, ó dúró gbọin, kò ṣẹ́jú, kò dún. Ti ẹ̀yìn ò tàn rárá.

"Fíláṣà ni, ohun tó ń mú un ṣẹ́jú. Ó ti kú," ló wí.

"Ọ̀gá, ṣé fíláṣà kan náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀tún ni?"

"Òun ni."

"Kí ló dé tí ọ̀tún fi ń ṣẹ́jú?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Sístà, físíìsì kọ́ nìyí o, mọ́tò ni!" Ó ní kí n máa bá ìwádìí mi lọ, òun ń lọ jẹun. Ó fi gílóòbù kékeré tó fi ń dán wáyà wò sílẹ̀ fún mi.

Mo yọ gílóòbù ẹ̀yìn méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn. Ti òsì tàn lápá ọ̀tún, ti ọ̀tún ò tàn lápá òsì. Gílóòbù kọ́ nìyẹn. Mo dán wáyà wò: iná ń dé ibẹ̀. Ó wá ku ọ̀nà tí iná náà ń gbà padà sí ara irin ọkọ̀. Oṣù méjì ṣáájú ni wọ́n kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà tuntun, wọn ò sì bo ojú irin tí iná òsì jókòó lé, ni ọ̀dà bá dí ọ̀nà iná náà. Mo fi wáyà kan so irin iná náà mọ́ irin tí ò ní ọ̀dà. Iná ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Nínú ọkọ̀, níbi tí bàbá mi ti ń bá mi di ọ̀pá tírafíkétọ̀ mú, mo gbọ́ "ta, ta, ta".

Bàbá mi jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Mo ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò nígbà tí oòrùn wọ̀ sẹ́yìn àwọn igi obì. Ìgbà yẹn ni Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wa, ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa.

"Ó tó," bàbá mi wí.

"Dádì, síkúrù kan ṣoṣo ló kù."

"Ṣé síkúrù kì í ṣe iṣẹ́ ni?"

Láti ẹnu ọ̀nà, ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀. Síkúrù ò ní sá lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi lójú ọ̀nà pé bí ti ẹ̀yìn ò bá tàn, fíláṣà náà kì í dún.

"Ìyẹn ni pé bàbá yín ò parọ́, èmi náà ò sì dití?"

"Ó ṣeé ṣe, mà."

"Ó ṣeé ṣe, àbí bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Kí n tó so wáyà lánàá, mo fi ọwọ́ gbá búùtù ọkọ̀, iná náà tàn fúngbà díẹ̀, ó tún kú. N kò lè mọ̀ bóyá ó tàn lọ́jọ́ náà tàbí kò tàn. N kò sì rí ọwọ́ Dádì lórí ọ̀pá náà."

"Èmi mọ ọwọ́ mi," bàbá mi wí níwájú, wọn ò bojú wẹ̀yìn.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí ọmọ yín? Kò tiẹ̀ lè gbè yín lẹ́sẹ̀!"

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo de síkúrù náà pinpin. Bàbá àti ìyá mi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé ẹnu títì. Iná ẹ̀yìn lápá òsì ṣẹ́jú nígbà mẹ́fà kí wọ́n tó yà. Ìyá mi wà ní ìjókòó iwájú, wọ́n tẹ orí sápá ibi tí "ta, ta, ta" náà ti ń dún.