Ohun Tí Màmá Fi Pẹ́ńsùlù Kọ

Inú ilé tí mo yá yàrá kan sí ní Ìfọ̀ ni mo ti ka ìwé ewì kan parí fún ìgbà àkọ́kọ́. Apá Ọ̀ṣun ni mo ti wá, ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń tún ṣe jẹun. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá onílé wa, tíṣà náà sì ni ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Yàrá tó kọjú sí ojú irin ni wọ́n kó ìwé wọn sí, láti ilẹ̀ dé àjà: ewì, eré onítàn, ìtàn àròsọ, ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo wọn á máa gbọ̀n lórí pákó.

Ẹnikẹ́ni ládùúgbò ló lè wá yá ìwé, ṣùgbọ́n Màmá ní òfin kan. Kí o tó dá ìwé padà, o gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí etí rẹ̀: ohun tó yé ọ, ohun tí kò yé ọ, tàbí ibi tó ti wù ọ́ kí o bá akéwì náà jà. Bíríkìlà kọ tirẹ̀, aránṣọ kọ tirẹ̀, àáfà tó ń gbé ilé kejì náà kọ tirẹ̀. Màmá á wá fi pẹ́ńsùlù dá oníkálukú lóhùn lábẹ́ ohun tó kọ.

Mo kọ ọ́ sí etí ìwé kan pé ariwo akéwì yìí pọ̀ jù. Nígbà tí mo tún yá ìwé náà, mo bá èsì lábẹ́ rẹ̀: "Ta ló sọ fún ọ pé ariwo ni? Lọ kà á sókè ní ẹ̀yìnkùlé kí o tó máa bú ọmọ ọlọ́mọ." Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo kà á sókè. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo gbọ́. Báyìí ni mo ṣe kọ́ ewì, láìjókòó sí kíláàsì ẹnikẹ́ni.

Ìwé wá di nǹkan tí mi ò lè fi sílẹ̀. Mo mọ èyí tí wọ́n fi òwú rán, mo mọ èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Mo lè wo àwọ̀ bébà kí n sọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ àti èyí tí wọ́n tún tẹ̀.

Bàbá á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Onírédíò, o tún ti ń gbóòórùn ìwé! Ṣé ọbẹ̀ ni?"

"Bàbá, èyí tí wọ́n fi òwú rán kì í rùn bíi ti gọ́ọ̀mù, sà."

"Ó ti yé mi. Kí ni akéwì náà wá wí?"

Èmi á rẹ́rìn-ín, màá sì tún padà lọ kà á.

Màmá kú nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ikán náà sì ti dé ìsàlẹ̀ pákó. Ọmọ wọn tó kọ́lé sí Arepo ní òun ò láyè fún ìdọ̀tí. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi kó ìwé náà fún yunifásítì kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ọ̀gá láíbírì wọn, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọlúàbí, ló wá kó wọn. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò o. Bí ẹ ṣe bá a ni kí ẹ jẹ́ kó wà."

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ìwé kan ò ní dín."

Èmi ni mo di àwọn ìwé náà sínú páálí, mo sì ń ṣí wọn wò bí mo ṣe ń dì wọ́n. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ etí ìwé fún obìnrin náà. A rò pé ẹni tó bá ti ṣí ìwé á rí i.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá fọ́ pátápátá. Ó pè mí wọlé lọ́jọ́ kan.

"Ìwé ewì pẹlẹbẹ yẹn, aláwọ̀ ewé. Ìgbà tí Màmá yín ń ṣàìsàn, ó kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ewì tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Èmi ló ń bá wí. Inú ń bí mi nígbà yẹn, mo kàn fojú fò ó. Lọ bá mi kà á wá."

Mo wọ ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn títí mo fi dé Mowe, mo sì gun ọ̀kadà dé ẹnu géètì. Wọ́n ti kọ orúkọ Bàbá sára ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n kó ìwé rẹ̀ sí ní láíbírì. Táìsì ń dán nílẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá funfun bo ẹ̀yìn gbogbo ìwé, ọ̀kan ò sì dín lóòótọ́. Inú mi dùn dé ibi pé mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Mo wá fa aláwọ̀ ewé yọ. Mo ṣí ewì tó kẹ́yìn. Etí ìwé náà funfun, bébà ibẹ̀ sì ti bó díẹ̀. Mo fa òmíràn. Bákan náà. Mo fa òmíràn.

Ọ̀gá láíbírì rìn wá. "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́? Ìkọkúkọ ló kún inú rẹ̀ nígbà tó dé, sà. Odindi sáà kan la fi pa á rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pẹ́ dé, a ó fún un ní rọ́bà ìpàwérẹ́, ìjìyà rẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló ní kí ẹ pa á rẹ́, mà?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Láíbírì ni, sà. A kì í kọ nǹkan sínú ìwé."

Ìwà ìkà ì bá sàn. Ọ̀wọ̀ ló fi ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú kí wọ́n tó tẹ́ ẹ ló ṣe wẹ ìwé Bàbá. Mo gbé ojú ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, bóyá àpá pẹ́ńsùlù á hàn. Aláìsàn ló kọ ọ́. Kò lágbára láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá ṣì jókòó síbi tí mo fi í sí nígbà tí mo padà dé.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí ìwé náà, sà. Wọ́n ti pa ohun tí Màmá kọ rẹ́. Nínú gbogbo ìwé, sà."

Ọkọ̀ ojú irin kọjá, pákó òfìfo gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí ó gbé orí sókè bí ẹni tó rántí nǹkan.

"Kò burú. Ìwọ lo di ìwé náà. O ṣí i wò, àbí?"

"Mo ṣí i, sà. Mo kà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló wí?"

Mo la ẹnu. Mo mọ̀ pé òwú ni wọ́n fi rán ìwé náà, pé bébà rẹ̀ ti pọ́n létí. Mo mọ̀ pé apá òsì ni ewì náà wà, pé ìkọ̀wé Màmá bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú ìwé, ó sì yí gòkè nígbà tí àyè tán. Mo wá ọ̀rọ̀ náà kiri nínú orí mi. Mi ò rí ẹyọ kan.

"Apá òsì ló kọ ọ́ sí, sà. Ó yí gòkè níbi tí..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ibi tó kọ ọ́ sí," ni Bàbá wí.

Kò tún bi mí léèrè mọ́ títí tó fi kú.