Olówórí Tó Wà Nínú Ìwé Ìbí Màmá

Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nítorí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé e kọ́rùn dé ilé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ nínú yàrá kan tó kọjú sí títì: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, àti àga tí Màmá máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti bá a rán bọ́tìnì. Èmi ni àbúrò rẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé n kò tíì rí alágídí tó tó o.

Màmá ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Oyún inú ló ṣì jẹ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ wọṣẹ́ ológun, tó bá wọn lọ sógun lókè òkun, tí kò sì padà mọ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìròyìn. Àwọn aráalé ní ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń pe Màmá ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi di arúgbó. Lọ́dún tó kọjá, bó ti ń fa òwú gba ojú abẹ́rẹ́, ó sọ pé ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ mọ̀ kí òun tó kú: ṣé bàbá òun tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n bí òun?

Ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Láti ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń ti ṣọ́ọ̀bù, tó ń wọ́ mi lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun àtijọ́ sí.

Yàrá gbọọrọ ni, pákó tábìlì rẹ̀ ti dán nítorí ìgbọ̀nwọ́ àwọn èèyàn. Akọ̀wé ibẹ̀, obìnrin tó fi okùn so awò ojú mọ́rùn, kì í gba bíró láàyè, pẹ́ńsùlù nìkan. Ó wá orúkọ bàbá ìyá wa, kò rí i. Ó yí lẹ́tà rẹ̀ padà, ó gé e kúrú, ó tún un fà gùn. Òfo ni. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún, mo ní ká jọ̀wọ́ rẹ̀, pé ẹni tó ti lọ ti lọ. Téèpù wò mí bí ẹni tó rí sípù tí wọ́n rán sódì.

Ó ní, “Aṣọ tí ò bá bá ara mu, ibi tí wọ́n ti wọn ara ni mo máa ń padà sí.”

Ó lọ gba ìwé ìbí Màmá. A mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a sì ti fi rẹ́rìn-ín títí. Màmá àgbà, ìyá tó bí Màmá, ò jẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ láéláé, “olówó orí mi” ló ń pè é. Nígbà tó lọ gba ìwé ìbí, wọ́n bi í léèrè orúkọ bàbá ọmọ, ó sì dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Akọ̀wé ọjọ́ náà ò gbédè wa, ó kọ ohun tó gbọ́: Olowori. Báyìí ni Màmá ṣe di Olówórí nílé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í pé owó dà. Ìgbà tó lọ́kọ ló bọ́ lọ́wọ́ orúkọ náà, inú rẹ̀ sì dùn.

Nígbà tí Téèpù ní kí wọ́n wo Olowori, akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun náà ò ní lè pe orúkọ ọkọ òun bí wọ́n bá fi ìbọn sí òun létí. Ó wọ inú lọ. Ó pẹ́. Nígbà tó jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́, fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti fi yíǹkì pupa fagi lé orúkọ tí a ń wá látọjọ́ yìí, wọ́n kọ Olowori lé e. Bàbá náà ló bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n bá òun béèrè bóyá ìyàwó òun ti bímọ. Èsì dé pé kò sí ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àfi ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Olowori. Lábẹ́ èyí ni ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a kọ, tó tẹ àtàǹpàkò sí. Téèpù fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan:

“Èmi ni Olówó orí náà. Bí ìyàwó mi ṣe ń pè mí nìyẹn. Èmi ni mo lọmọ. Ẹ bá mi yí orúkọ mi padà sí èyí tó wà nínú ìwé ọmọ mi, kó má baà wá mi tì.”

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn náà ni àìsàn pa á nílé ìwòsàn àwọn ológun. Lẹ́tà ikú rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Olowori, ó sì padà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Mo sunkún níwájú akọ̀wé, ojú ò tì mí.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Téèpù ka ìwé náà sétí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá ní kó tún un kà. Ó ní kó ka ìparí rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, “Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá tèmi, ọmọ ló wò kó tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ.”

Oníbàárà kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kí Màmá, ó ní kí ni kí òun máa pè wọ́n. Kí Téèpù tó lanu, Màmá ti dáhùn pé Olówórí ni.